Ilẹ̀kùn Ọwọ́ Òsì

Ẹsẹ̀ méjì ni obìnrin télọ̀ kan tó wá ra fìríìjì nílé ìtajà kọ́kọ́ rí. Wọ́n yọ jáde lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù gíga kan ní ìpẹ̀kun ilé ìtajà náà, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu wà ní ìkejì, wọn ò sì mira. Obìnrin télọ̀ náà ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta.

"Ẹ gbà mí o! Ẹnì kan ti dákú síbí!"

"Ta ló dákú?" ohùn ọkùnrin kan bèèrè lábẹ́ ibẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí bàtà kejì, ẹ bá mi tì í wá."

Ó rọra yọ orí jáde. Eruku bo iwájú orí rẹ̀, pẹ́ńsùlù há sí etí rẹ̀, ó fi téèpù ìwọ̀n kọ́ ọrùn. Káfíńtà ni. Ilé ìdáná àwọn èèyàn ló máa ń kàn, ó sì wá wo bí wọ́n ṣe to irú fìríìjì tí wọ́n ń kì bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí ilẹ̀kùn pákó ń bò lójú tí àlejò ò fi ní mọ̀ pé fìríìjì ló wà níbẹ̀.

"Kí lẹ wá ń wá lábẹ́ ẹ̀?"

"Ọ̀nà atẹ́gùn ni. Fìríìjì inú kọ́bọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ máa mí. Tí ẹ bá dí i pa, ooru ara ẹ̀ náà ló máa pa á."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ rí èémí mí níbẹ̀ ṣá?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, mà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu obìnrin náà. Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti kó kúrò nílé wọn. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, obìnrin tó se ọbẹ̀, tó fọ abọ́, tó sùn, tí kò jí. Kí ọdún náà tó yí po, àìsàn gba ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń gbé orí fún. Bàbá tó ń fi abẹ fá orí ìkókó láì jẹ́ kó sunkún kò lè di bọ́tìnì ara rẹ̀ mọ́.

Ó ṣàlàyé ohun tó gbé e wá. Ilé ìdáná wọn tóóró. Fìríìjì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ yọ ikùn sójú ọ̀nà, bàbá rẹ̀ sì ti fẹsẹ̀ kọ ọ́ ṣubú. Èyí tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà ló ń wá. Ẹni tó ń tajà ti ń yin ọ̀kan fún un: iná inú rẹ̀ ń tàn mèremère, ó ń ṣe yìnyín fúnra rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó ní ó ń gbàdúrà.

Káfíńtà jẹ́ kí onítọ̀hún parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí télọ̀. "Ọwọ́ wo ni Bàbá fi ń ṣe nǹkan báyìí?"

Obìnrin náà gbójú sókè wò ó. Dókítà ti bi í léèrè oríṣiríṣi, ẹbí ti bi í léèrè ìgbà tí ara yóò yá, kò sẹ́ni tó bi í ní èyí rí.

"Òsì."

"Ẹ má ra eléyìí nígbà náà. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ṣeé yí, á máa ṣí lu Bàbá láyà ni. Ìyẹn ni kí ẹ mú, èyí tí kò ní fáàrí kankan. Màá tú àgbékọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀, màá gbé e sí òdìkejì, ti kọ́bọ́ọ̀dù náà á sì tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ òsì fà á, á yà fún wọn."

Ó mú ìyẹn. Bí ẹ bá bi mí, ọjọ́ náà ló ti mú káfíńtà pẹ̀lú, àmọ́ obìnrin kì í tètè sọ gbogbo ohun tó rà lọ́jà.

Káfíńtà wá wọn ilé ìdáná, ó tún wá wọ̀n ọ́n. Nígbà tó tún yọjú pẹ̀lú téèpù, télọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ṣé ògiri wa ń dàgbà ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀ o. Àná, ó kúrú díẹ̀."

"Adákú, sọ òótọ́."

"Abẹ́rẹ́, ìwọ ni mo wá wò."

Orúkọ tí wọ́n ti sọ ara wọn nìyẹn. Abẹ́rẹ́ rán bọ́tìnì tó já mọ́ ẹ̀wù Adákú láì jẹ́ kó bọ́ ẹ̀wù náà, ojú wọn súnmọ́ra, ó ní kó má mira kí òun má bàa gún un. "Gún mi," ọkùnrin náà ní. "Ibẹ̀ náà ló ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀." Láàrin lẹ́búlẹ́bú igi, lórí pákó tí wọn ò tíì kàn, ni wọ́n ti jọ sọ pé àwọn yóò fẹ́ra.

Bàbá nìkan ni kò fẹ́ fìríìjì tuntun. "Ti ìyá rẹ ń ṣiṣẹ́," ló máa ń sọ, "ẹ fi sílẹ̀." Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ fìrísà rẹ̀, níbi tí yìnyín ti gbá jọ bí òkúta. Ọmọ rẹ̀ rò pé agídí àgbà ni. Àwọn méjèèjì bá gbìmọ̀ pé kí Bàbá lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, kí iṣẹ́ ti parí kó tó dé, kó bá a bẹ́ẹ̀ kínú rẹ̀ dùn. Wọn ò sì ní ju ti àtijọ́ nù. Ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀ ní pálọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé e sí, kó máa rí i.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kò gba fìríìjì àtijọ́ náà ní òòró. Wọ́n ní láti dá a dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó rí i gbé jáde. Gbogbo ẹni tó ń gbé fìríìjì kiri ló mọ òfin rẹ̀: èyí tí wọ́n bá dá dùbúlẹ̀, wọn kì í fi iná sí i lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á jẹ́ kó sinmi, kí òróró inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà sáyè. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kú.

"Jẹ́ kó sinmi di ọ̀la," Adákú ní. "Mi ò fẹ́ kí nǹkan ṣe fìríìjì Ìyá. Ṣé kò sí nǹkan nínú fìrísà ẹ̀?"

Abẹ́rẹ́ bẹjú wò ó. "Kò sí nǹkan kan. Yìnyín àtijọ́ lásán ni."

Oòrùn ọjọ́ náà mú gan-an.

Nígbà tí Bàbá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò dé ilé ìdáná tí wọ́n ń fà á lọ wò. Omi ló tẹ̀ wọlé, omi tó ń ṣàn bọ̀ láti abẹ́ fìríìjì ìyàwó rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí i, ó yọ abọ́ kékeré onídèérí kan tí yìnyín ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó jókòó sínú omi náà, ó gbé abọ́ lé itan. Bó ṣe ṣí i, òórùn ọbẹ̀ tó ti kan gba gbogbo pálọ̀.

"Ọbẹ̀ ìyá rẹ ni," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Èyí tó sè gbẹ̀yìn. Mo bu díẹ̀ pamọ́. Mo ní ọjọ́ tí mo bá gbàgbé bó ṣe ń dùn, n óò tọ́ ọ wò."

"Bàbá, èmi ni. Èmi ni mo sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀."

"Èmi ni mo yọ iná ẹ̀, sà." Adákú ti dọ̀bálẹ̀ sínú omi. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Bàbá kò wo ojú ọmọ rẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè lé ọmọ kan ṣoṣo tó kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tó ṣeé lé ló lé.

"Mi ò bú ọ," ló sọ fún káfíńtà. "Mi ò sì ṣépè fún ọ. Ṣùgbọ́n má wọ ilé yìí mọ́. Nígbàkígbà tí mo bá rí ọ, òórùn yìí ni n óò máa gbọ́."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Agbè ti fọ́ tipẹ́," Bàbá dá a lóhùn. "Omi díẹ̀ tó kù lápáàdì rẹ̀ ni wọ́n wá dà nù yìí."

Abẹ́rẹ́ pàdé Adákú ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, láàrin aṣọ ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn tó gbé kọ́.

"Ṣé kí n máa tẹ̀lé ọ lọ?"

"Ta ló máa bá Bàbá di bọ́tìnì?"

"Olólùfẹ́ mi, má dá mi lóhùn báyìí."

"Mi ò ní èsì míì. Tí o bá fi wọ́n sílẹ̀ nítorí mi, tó bá yá, ìwọ náà á máa gbọ́ òórùn ọbẹ̀ yẹn lára mi." Ó nu ojú obìnrin náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó le bí pákó, ó sì lọ. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Abẹ́rẹ́ kò rí ọ̀nà kankan.

Òjò wá, òjò lọ. Fìríìjì tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi iná sí i. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n fi iná sí ti àtijọ́ náà. "Kí la tún fẹ́ tọ́jú?" ló ní. Ó ń jẹun bí ẹni pé oògùn ni wọ́n bù fún un, ó ń rù. Ọmọ rẹ̀ ń ra oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń ránṣọ, ó ń darí wálé, kò sì sí ohun kan láyé tó ń wù ú. Nígbà míì, bó bá dúró níwájú àwọn ilẹ̀kùn pákó dídán yẹn, á fi iwájú orí tì wọ́n, á sọkún títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Abẹ́rẹ́ kò sí nílé, òǹgbẹ gbẹ Bàbá. Ó wọ ilé ìdáná lọ wá ife. Gbogbo ilẹ̀kùn pákó náà jọra, kò mọ èwo ni èwo. Ó na ọwọ́ òsì sí èyí tó súnmọ́ ọn jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tí ara rẹ̀ pé kò mọ̀. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú, gbogbo ilẹ̀kùn ilé náà ló ń bá ọkùnrin yìí jà. Kó tó ṣí ọ̀kan, yóò kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, yóò da ọwọ́ kọjá àyà, ilẹ̀kùn yóò tún padà wá gbá a léjìká. Èyí kò bá a jà. Ó fà á, ó sì yà fún un. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣófo. Bàbá pa á dé, ó tún ṣí i, ó tún pa á dé.

Bí ọmọ rẹ̀ ṣe wọlé, ó bá a lórí àpótí níwájú fìríìjì tó ṣí sílẹ̀, ẹ̀rù bà á.

"Ta ló ní kí ilẹ̀kùn yìí máa ṣí síbí?"

"Òun ni, Bàbá. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, kò tíì mọ orúkọ mi tó fi bi mí pé ọwọ́ wo lẹ ń lò."

Bàbá mi orí. Omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Irú ohun tí ìyá rẹ ìbá bèèrè nìyẹn," ló ní. "Pè é."

Adákú wá. Ó ti rù, irun orí rẹ̀ ti kún bí igbó tí kò ní olóko. Ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá sì ń wo orí náà.

"Kí ló dé tí o ò gẹrun?"

"Kò wù mí, sà."

"Dìde, jókòó."

Ó ní kí ọmọ òun gbé àpótí iṣẹ́ òun wá, èyí tí kò ṣí láti ìgbà àìsàn. Ó fi ọwọ́ òsì mú àlùmọ́gàjí, ọwọ́ tí kò fi gẹrun fún ẹnikẹ́ni rí. Ó gé ibì kan jìn, ó fo ibì kan, ó há etí ọmọkùnrin náà mẹ́nu àlùmọ́gàjí, ẹ̀jẹ̀ yọ. Adákú kò mira.

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Rárá, sà."

"Irọ́ lò ń pa." Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Bàbá wà nígbà tó ń sọ̀rọ̀, níbi tí wọn ò ti lè rí ojú ara wọn. "Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán. Mo fẹ́ kí o mọ̀. Àwọn ọjọ́ kan á wà tí mi ò ní lè wo ojú rẹ. Ṣùgbọ́n mo fún ọ lọ́mọ mi. Ẹ fẹ́ra yín. Ẹ má jìnnà sí mi."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síbi tó wà, ó bo ojú. Lẹ́yìn náà ló dìde lọ se ọbẹ̀. Adákú fi iná sí fìríìjì tuntun, ó ń kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jókòó ti oúnjẹ. Bàbá tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ó tún tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Ó ti lọ," ló ní. "Bí ti ìyá rẹ ṣe ń dùn, mi ò rántí mọ́."

Abẹ́rẹ́ mú abọ́ onídèérí kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu díẹ̀ sínú rẹ̀ fún un.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mo fẹ́ pa á mọ́ dè yín ni, Bàbá."

"Má pa á mọ́." Ó na ọwọ́ òsì, ó ti ìkòkò náà síwájú àwọn méjèèjì. "Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí n máa wò yín."

Adákú di ọwọ́ Abẹ́rẹ́ mú lórí tábìlì. Wọ́n ń jẹ, wọ́n ń sunkún, Bàbá sì jókòó tì wọ́n títí ìkòkò fi gbẹ.