Aṣòfin Tí Ẹnìkan Ò Lè Fọwọ́ Kàn

Ọdún kejì tí owó sẹ́fà já wálẹ̀ ni, láàárọ̀ ọjọ́rú kan ní Àjàṣẹ́, tí ọkọ̀ Aṣòfin Fábáyọ̀ sáré la títì Houinmè kọjá, tó sì gbá Ràṣídì tó ń fi alùpùpù kó èrò. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i pé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà, nínú agbádá funfun, ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ìjọba gba àyà rẹ̀ kọjá. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Ràṣídì ti kú.

Soukourath, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ní àdúgbò Akron, gbé ẹjọ́ lọ fún ọ̀gá jàndáámù, àwọn ọlọ́pàá ológun.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá," ni ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. "Òfin dáàbò bo aṣòfin. A ò ká a mọ́ ibi tó ti ṣẹ̀, a ò sì lè mú un àfi tí àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa."

"Kí ni wọ́n ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún?"

"Kó lè sọ òótọ́ láìbẹ̀rù ni, Ìyá."

"Òótọ́ wo ló ń sọ lórí òkú ọkọ mi?"

Ìyọ̀ǹda náà kò dé. Fábáyọ̀ rán Àlàbí, akọ̀wé rẹ̀, pé kó gbé àpò ìrẹsì lọ fi ṣìpẹ̀. Soukourath da ìrẹsì náà sójú títì níṣojú gbogbo àdúgbò.

"Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n fi yàn án. Mo lè dúró."

Ó dúró lóòótọ́, ìbínú rẹ̀ kò sì tutù. Nígbà tí ìbò dé, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ kọ́ ọrùn, ó ń ti Dowa bọ́ sí Houinmè, ojúlé dé ojúlé, ó ń polongo fún Fátúndé, olùkọ́ tó ń bá Fábáyọ̀ du ipò. Fábáyọ̀ fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ tí sáà rẹ̀ parí, àwọn jàndáámù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ní kóòtù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú mi!" Soukourath fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ má baà kàn án. Adájọ́ jù ú sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Soukourath rẹ́rìn-ín sókè, kò bojú.

Fátúndé ló pàdé rẹ̀ níta. "Ẹ ti gbẹ̀san, Ìyá. Kí ni kí n ṣe fún yín?"

"Ẹ bá wa mú ààbò yẹn kúrò lórí ẹni tó bá pààyàn."

Fátúndé họ orí. "Ìyẹn le o. Èmi náà lọ́tàá."

"Ẹ ò tíì pààyàn," ni Soukourath wí, "ẹ sì ti ń wá ibi tí ẹ máa sá sí."

Nígbà tí ìbò tún dé, òun fúnra rẹ̀ ló dìde bá Fátúndé du ipò.