Ìdánwò Tí Lyle Stauffer Ti Yege Tẹ́lẹ̀

Nígbà tí Emil Vondra padà délé láti ibi tó ti lọ mu kọfí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lójú títì. Bẹ́ẹ̀dì nìkan kọ́. Tẹlifíṣọ̀n, àga ìjókòó, àpótí tí aṣọ ìyàwó rẹ̀ olóògbé wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ dànù. Ọkùnrin méjì tí kò rí rí ń gbé fìríìjì bọ̀ láti inú ilé. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn: ilé-iṣẹ́ Cottonwood ló ni ilé báyìí, kí bàbá wá kó ìyókù ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ Ẹtì.

Bàbá ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo ará àdúgbò, ó ní kí wọ́n bá òun pe ọlọ́pàá.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo ló wà nílùú Prosek ní Nebraska. Marlys Hruska ni orúkọ rẹ̀, kò sì ní sùúrù fún òmùgọ̀, bẹ́ẹ̀ òmùgọ̀ kì í tán nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa fi dé, Darrel ọmọ Emil ti wà níbẹ̀, ó ti sáré wakọ̀ wá láti Omaha, ó ti gbé fóònù sétí, ó ń bá ilé ìtọ́jú arúgbó kan sọ̀rọ̀ nípa yàrá tó ṣófo.

"Bàbá," ni Hruska wí, "ṣé ẹ ta ilé yìí fún ẹnikẹ́ni ni?"

"Ta kí ni? Èmi? Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mo ti ń gbénú ẹ̀!"

"Madam, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ni Darrel dá sí i, ó fọwọ́ bo fóònù. "Fídíò ẹ̀ wà. Cottonwood fi ránṣẹ́ sí mi, mo ti wò ó. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ilé lóṣù Júùnù, níwájú Lyle Stauffer, lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín."

"Ìdánwò ni!" Emil dìde. "Mo ní ìdánwò ni mo bá Lyle ṣe! Ó gbé kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan wá fún mi nílé, ó ní òun ń kọ́ iṣẹ́ nótárì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun ń wá ẹni tí òun máa fi dánra wò. Ó ní kò sí nǹkan kan nínú ìwé ọ̀hún. Mo ní kò burú, ọmọ ìjọ wa ni."

Darrel wo Hruska, ó mi orí bí ẹni tó ń kẹ́dùn. "Ẹ ò gbọ́ nǹkan tí mò ń sọ? Oṣù Máàṣì ni Lyle ti yege. Sẹ́tífíkéètì ẹ̀ wà lára ògiri. Ọpọlọ wọn ò pé mọ́, Madam. Mo ti bá Cottonwood sọ̀rọ̀, wọ́n ti fún wa di ọjọ́ Ẹtì. Mò ń kó wọn lọ sí Omaha."

Bàbá gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹrù tó wà lójú títì lọ. Ó tún jókòó.

Hruska tọ Lyle Stauffer lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ló ń tà, ìyẹn tó bá rẹ́ni rà á. Àmọ́ láti oṣù Máàṣì ló ti di èèyàn pàtàkì. Nótárì ni ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ kó lè jẹ́rìí pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, òun náà ni lóòótọ́. Láyé àtijọ́ ẹ máa dé iwájú rẹ̀ ni. Ní báyìí, ẹni tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́, tó ṣèdánwò, tí ìjọba sì tẹ́wọ́ gbà, ó lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó máa jẹ́rìí sọ́nà jíjìn látojú kámẹ́rà. Lyle ti wá fi gíláàsì bo sẹ́tífíkéètì rẹ̀, ó gbé e kọ́ ògiri, ó sì tan iná kékeré sí i lórí. Ṣìọ̀! Wọn kì í tan irú iná bẹ́ẹ̀ sí ère Màríà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà, Marlys," ni Lyle wí. Hruska kò tíì jókòó, kò sì bi í.

"Ẹ kú oríire. Ẹ jẹ́ kí n rí fídíò Emil Vondra."

Lyle tẹ kọ̀ǹpútà. Emil yọ lójú rẹ̀, nínú kíṣìnì ara rẹ̀. Ó gbé láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ rẹ̀ sókè. Ó dáhùn ìbéèrè márùn-ún tí ẹ̀rọ bi í nípa ibi tó ti gbé rí àti mọ́tò tó ti rà rí. Lyle ní, "Ó yá, ẹ fi ìka fọwọ́ síbẹ̀." Bàbá fọwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó ti tán nìyẹn? Ọlọ́run á jẹ́ kó o yege o!" Lyle dáhùn pé, "Àmín, Bàbá." Fídíò parí síbẹ̀.

"Kó o yege kí ni?" ni Hruska béèrè.

"Áà, àwọn àgbàlagbà!" Lyle na ẹsẹ̀ sábẹ́ tábìlì. "Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ lóṣù Máàṣì, bí ìdajì ìjọ ló bá mi dánra wò. Bàbá kàn ń da Máàṣì pọ̀ mọ́ Júùnù ni. Mo ṣe àmín kójú má bàa tì wọ́n. Àánú wọn ń ṣe mí."

"Mo fẹ́ rí gbogbo fídíò tẹ́ ẹ ti ṣe."

"Gbogbo ẹ̀?" Ojú Lyle tàn. "Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Òfin ní ká tọ́jú wọn fọ́dún mẹ́wàá, mi ò sì pàdánù ẹyọ kan. Máa kó wọn lọ. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà rí nǹkan kọ́ níbẹ̀." Ó fúnra rẹ̀ kó wọn fún un, tayọ̀tayọ̀. Irú ìgbéraga báyìí, ẹ̀bùn ni fún ọlọ́pàá.

Ibi tó yà sí lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí Bernice Kubicek, olórí akọrin, ti ń ki èso pọ́pì sínú kólàṣì, ìyẹn búrẹ́dì kékeré dídùn, fún bàsá tí ìjọ máa fi kówó jọ lọ́jọ́ Sátidé. Iyẹ̀fun dé ìgbúnwọ́ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ni Emil máa sùn sí títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.

"Èmi náà bá Lyle dánra wò," ni Bernice wí. "Orí tábìlì yìí gan-an ni, lẹ́yìn ìsìn. A tò bí ẹni tó fẹ́ gba ara Olúwa. Ó ní kí n gbé láísẹ́ǹsì mi sókè, mo ní ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Emil náà tò?"

"Emil wo? Emil ò sí nílùú jálẹ̀ oṣù Máàṣì! Lincoln ló wà, wọ́n pààrọ̀ egungun ìbàdí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Èmi ni mò ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un."

"Darrel ńkọ́?"

Bernice pòṣé. "Darrel fi òdòdó ránṣẹ́."

Hruska lo gbogbo Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ nídìí fídíò mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà. Ìyà gidi ni. Kò sí èyí tí Lyle kò ti tún táì rẹ̀ ṣe, kò sí èyí tí kò ti sọ máàkì tó gbà nínú ìdánwò fún ẹni ẹlẹ́ni tó wá fọwọ́ sí ìwé mọ́tò. Àmọ́ nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó ti rí ohun tó ń wá, ó sì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń fi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó bá gbogbo wọn níwájú ilé Emil. Bàbá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bernice, ó ti wọ kóòtù tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Darrel mú ìwé ilé ìtọ́jú arúgbó dání. Ta ló sì tún wà níbẹ̀ tó fẹ́ fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí ìwé ọ̀hún? Lyle Stauffer ni, tòun ti táì. Ojú kò tilẹ̀ tì í.

"Mo dé bákòókò," ni Hruska wí. "Ọ̀gbẹ́ni Stauffer, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Kí ẹnì kan tó fọwọ́ sí ìwé lójú kámẹ́rà yín, kí lẹ máa ń bi í?"

Lyle wú bíi búrẹ́dì nínú ààrò. "'Ṣé ẹ mọ ohun tí ìwé yìí dá lé lórí, ṣé tinútinú yín lẹ sì fi fẹ́ fọwọ́ sí i?' Òun ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Nótárì tó bá fo ìyẹn, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ ọwọ́ ẹ̀."

"Ẹ ò fò ó rí?"

"Láyé mi!"

"O fò ó lẹ́ẹ̀kan," ni Hruska wí. 'Ẹ' ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọgbọ̀n èèyàn lo bi í, títí kan obìnrin tó fẹ́ ta ọkọ̀ ojú omi tó ti jò. Ẹni kan ṣoṣo ni o ò bi, Emil Vondra. Torí o mọ ohun tí bàbá máa fi dá ẹ lóhùn, kámẹ́rà á sì ká a sílẹ̀."

"Mi ò bá sọ pé ìwé ìdánwò ni!" ni Emil pariwo. "Kí lèmi ì bá tún sọ?"

"Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ yẹn ni," ni Lyle wí. "Èèyàn lè gbàgbé. Àti pé mo ti sọ fún ẹ, bàbá ń da Máàṣì pọ̀ mọ́..."

"Ọ̀gbẹ́ni Darrel," Hruska yíjú, "níbo ni bàbá yín wà lóṣù Máàṣì?"

"Ní... níbí. Nílé. Níbo ni wọn ì bá tún wà?"

Bernice kọjú sí títì. Emil wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Darrel sì rántí, ẹ rí i bí ó ṣe ń rántí lójú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni wọ́n wà ní Lincoln," ni Hruska wí. "Wọn ò bá Lyle dánra wò lóṣù Máàṣì rárá, ìyẹn ni pé wọn ò ní nǹkan kan láti dà pọ̀. Gbogbo ìlú ló ti bá a ṣe é, bàbá nìkan ni kò sí níbẹ̀, ojú sì ń tì wọ́n pé àwọn ò ṣèrànwọ́. Lyle mọ̀. Ó dúró dìgbà tí wọ́n padà dé, ó purọ́ pé ìdánwò ṣì kù, ó gbé ìwé ilé wọn síwájú wọn. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ní Ọlọ́run á jẹ́ kó yege. Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún olè! Olè sì ń ṣe àmín. Orúkọ ta ni wọ́n sì fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni Cottonwood, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá tó fọwọ́ sí ìwé? Orúkọ tí ìyàwó Lyle ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ."

"Ilé yẹn ti tóbi jù fún un," ni Lyle wí. "Ẹ bi Darrel. Òun náà fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Ta ni mo pa lára?"

"Nínú gbogbo olè tí mo ti mú," ni Hruska wí, ó ń yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, "ìwọ nìkan ló kọ́kọ́ sanwó ẹ̀kọ́, tó ṣèdánwò, tó gba ọgọ́rùn-ún, kí ìjọba lè fún un láṣẹ láti ya fídíò ibi tó ti ń jalè, kó sì tọ́jú ẹ̀ fọ́dún mẹ́wàá. Na ọwọ́ ẹ."

Ó ṣàlàyé fún Emil pé adájọ́ á fagi lé ìwé náà, àmọ́ lónìí kó wọlé rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tún gbé e jáde. Bernice ti ń pe àwọn akọrin lórí fóònù pé kí wọ́n wá gbé bẹ́ẹ̀dì. Darrel ká ìwé ilé ìtọ́jú arúgbó sí méjì, ó tún un ká, ó fi sápò, ó wá gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn lẹ́yìn bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tò ó. Mo lè sùn mọ́jú..."

Emil dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

"Omaha jìnnà, Darrel," ló wí. "Tètè máa lọ."

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.