Itọ́ tí Sèlíátù Tu

"Irú òórùn wo rèé!" Larissa, akẹgbẹ́ Sèlíátù nílé-ìwé, fi ọwọ́ bo imú, ó sì yára gba abẹ́ okùn bàráàjì, ìdènà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi dí ọ̀nà, kọjá.

Ìfun ewúrẹ́ ti jẹrà sínú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàráàjì náà, eṣinṣin sì bò ó pitipiti. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó pa ewúrẹ́ olówó ewúrẹ́ jẹ jókòó tì í, wọ́n ń lá ọ̀rá ọwọ́ wọn. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn: kò sí ẹ̀gbin tí wọn kò ní ṣe, kí wọ́n sì ní ogun ló fà á.

Sèlíátù ṣe ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago ní àdúgbò Koko, máa ń ṣe bí òórùn burúkú bá gbá wọn nímú: ó tutọ́. Kò rò ó rárá. Itọ́ náà balẹ̀ síwájú bàtà Idriss, ọ̀gá ibẹ̀.

"Ìwọ Anago yìí, èmi lo tutọ́ sí?" Idriss fi èdè Dioula jágbe mọ́ ọn. "Wọ inú kòtò yẹn, kó o fọwọ́ kó ìfun náà jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò kọjá."

Ìdánwò BEPC, àṣejáde ìpele àkọ́kọ́ ilé-ìwé girama, tí ogun ti sún síwájú léraléra, ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Sèlíátù, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá tún wí.

"Bú u!" Larissa ń pariwo lọ́hùn-ún. Ó rọrùn fún un. Òun ti kọjá. Èébú náà sì ti dé orí ahọ́n Sèlíátù: "Ajá ni ọ́!"

Ó rántí ìyá rẹ̀, Mọ́nsúrátù aláṣọ, ní ọjọ́ tí irú àwọn wọ̀nyí wá fa aṣọ rẹ̀ ya lọ́jà. Etí aṣọ kan ló ń fi ìka ra títí wọ́n fi lọ. "Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀," ló wí. "Bí ọkàn rẹ bá fẹ́ gbé ọ lọ, tẹ ilẹ̀. Fọwọ́ kan nǹkan. Tẹ́tí. Lajú."

Sèlíátù tẹ ilẹ̀, òkúta wẹẹrẹ gún un lẹ́sẹ̀. Ó di etí yẹ̀rì rẹ̀ mú, ó mọ ojú rírán ìyá rẹ̀ lára. Ó gbọ́ ẹni tó ń gún fútù, iyán ilẹ̀ ibẹ̀, lẹ́yìn ògiri. Ó wá lajú, ó rí i: ìka Idriss ti wà lórí ìbọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ó sọ ọ́ ní Dioula, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ẹ̀yin kọ́ ni mo tutọ́ sí. Bí òórùn bá kọlu àwa Anago, a máa ń tutọ́ ni. Ìfun yẹn ni."

"Òótọ́ ni," ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá Anago àdúgbò wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ìka Idriss kúrò lórí ìbọn. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe kó má hùwà ọ̀bùn: ó fi apá búláòsì funfun Sèlíátù nu ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé okùn sókè.

"O jẹ́ kó fi ọ́ ṣe àkísà," ni Larissa wí.

"Àkísà tó ń lọ ṣe ìdánwò ni mí. Ìwọ tó o ní kí n bú u, ṣé o rí ibi tí ìka rẹ̀ wà?"

Larissa fà á lọ́wọ́, wọ́n sáré wọ ilé-ìwé.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọ̀rá náà ń rùn, ó sì ń rí Sèlíátù lára. Ó ká apá aṣọ náà sókè, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ tábìlì títí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, ó mú kálàmù.

Ẹ̀yin ọmọ, ìfarabalẹ̀ kì í sọ ẹ̀gbin di ohun tó dára. Ọ̀bùn ni Idriss, a kò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú, etí àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà níbi tó wà ni yóò rí ìka tó wà lórí ìbọn, kí èébú tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.