Òkúta Funfun Dona Odete

"Èwo nínú àwọn òkúta yìí ni kò gbọ́dọ̀ kan omi?" Zuleide bi ọmọ rẹ̀, bó ti ń di ẹrù sínú báàgì.

"Funfun yẹn ni, Màmá."

"Èwo ni kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lóòrùn?"

"Elésè àlùkò. Ṣebí ẹ ti bi mí láàárọ̀."

"Màá tún bi ọ́. Tèmi kọ́ ni wọ́n, Rayane. Àwọn olóhun ló fọkàn tán mi."

Ní ìlú wọn ní Minas, ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń wa òkúta dídán lábẹ́ ilẹ̀, ó ṣòro kí o tó rí ilé tí kò ní ọ̀kan lójú fèrèsé. Ọ̀dọ̀ Zuleide ni àwọn aládùúgbò ń gbé tiwọn wá kó lè bá wọn wẹ̀ ẹ́ mọ́. Á fi omi ìsun ṣan àwọn tó le, á fi èéfín ewé olóòórùn dídùn ra àwọn tó rọ̀, á sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù wọ́n. Ohun tó máa ń sọ fún wọn kò yí padà: "Òkúta ń tu èèyàn nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn. Ẹ má torí rẹ̀ pa ti dókítà tì."

Dona Odete, opó tó ń gbé lódìkejì títì, ló ni òkúta funfun náà. Marlon, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló wà á jáde nínú kòtò fún un, kó tó di pé alùpùpù gbá a pa. Ìyá náà máa ń gbé e lé àyà kó tó sùn.

Bí bọ́ọ̀sì tó gbé Zuleide àti bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn lọ sí ìlú ńlá ti kúrò ni Kethlen, ọ̀rẹ́ Rayane, yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Gbogbo kíláàsì ti wà nídìí omi tó ń já láti orí àpáta. Ìwọ nìkan la ń dúró dè."

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ fi èéfín ra àwọn òkúta yìí ni."

"Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ìyá àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o," Kethlen fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Da gbogbo wọn sínú omi iyọ̀, kó o gbé e sóòrùn. Òkúta ni, kì í ṣe ṣúgà."

Rayane mọ̀ pé kò dáa. Àmọ́ kò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ìyá àgbà níwájú gbogbo kíláàsì. Ó bu omi sí bàsíà, ó da iyọ̀ sí i, ó kó gbogbo òkúta sínú rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, ara òkúta funfun náà ti di hẹ́rẹhẹ̀rẹ, dídán rẹ̀ ti lọ. Ó gbé e sókè, ó sì là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì dì í mú nígbà tí Dona Odete wọlé wá gba ohun ìní rẹ̀.

Ìyá náà wo ọwọ́ Rayane. "Kí ló ṣe é?"

Rayane ì bá sọ òótọ́. Ẹnu rẹ̀ kàn ṣí ni, ohun tó jáde sì nìyí: "Ó là fúnra rẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní bí òkúta bá ti gbé àìsàn èèyàn lọ tán, ńṣe ló máa ń là."

Dona Odete jókòó. Omijé dà lójú rẹ̀. "Ṣé Marlon ló wá gbé ẹ̀jẹ̀ ríru yìí lọ fún mi?"

Rayane mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà gbé búrẹ́dì oníwàràkàṣì gbígbóná wá fún un. "Jẹ ẹ́, ọmọ dáadáa. Mo ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dà nù. Ọmọ mi ti wò mí sàn."

Rayane gba búrẹ́dì náà. Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó tún gbé e mì. Báwo ló ṣe fẹ́ wo ojú tó ń rẹ́rìn-ín yẹn kó sọ pé irọ́ ni? Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì sá wọ yàrá lọ.

Kò pẹ́ tí Zuleide dé ni Dona Odete ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi àwọn aládùúgbò pé, "Ta ló ní kí màmá yìí fi oògùn sílẹ̀?" Ojú gbogbo wọn yí sí Zuleide. Ó ń wí pé òun ò sọ bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́.

"Èmi ni," Rayane sọ. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó ní láti tún un sọ. Ó sì rò gbogbo rẹ̀, láti orí omi iyọ̀ dé orí Marlon. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí. Ńṣe ló yí ojú sí ògiri, ìyẹn sì dun Rayane ju ẹgba lọ.

Ẹ̀mí Dona Odete kò bọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lágbára mọ́. Nígbà tí Rayane kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, ìyá náà rọra sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì wúwo.

"Ká ní o sọ fún mi pé o ba òkúta jẹ́ ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì dárí jì ọ́. Àmọ́ orúkọ ọmọ mi lo fi gbé irọ́ ró. O jẹ́ kí n tún pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì."

Rayane wo ilẹ̀, ojú ń tì í débi pé etí rẹ̀ ń gbóná.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, àwọn aládùúgbò wá ń kó òkúta wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kí Zuleide tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ burúkú sí i. Tábìlì òfìfo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Bí Rayane bá ti ilé ìwé dé, ilé Dona Odete ló ń gbà lọ. Á gbálẹ̀, á fọ abọ́. Fún ìgbà pípẹ́, "o ṣeun" nìkan ni ìyá náà ń sọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó na páálí oògùn tuntun sí i.

"Ojú mi ò ríran dáadáa. Bá mi ka bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó."

Rayane kà á, ó tún un kà.

"Ṣé òótọ́ lo kà yẹn?" ìyá náà bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

Ojú ti Rayane bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. "Òótọ́ ni, mà."

Ìyá náà wò ó títí, kó tó ju oògùn sẹ́nu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìtìjú tí Rayane sá fún lọ́jọ́ tí òkúta là kò tó nǹkan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà. Èyí tí irọ́ kó bá a ni ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọjọ́ tí yóò tán.