Fèé Lẹ́nu Ọ̀nà

Èèyàn kì í purọ́ mọ́ òkú, débi òkú tó ṣì ń peni. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Télọ̀ kan wà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nìkan ni ìyá wọn bí. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá wọn kì í pariwo pè wọ́n wálé. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò súfèé, kálukú sì ní fèé tirẹ̀. Fèé ti ẹ̀gbọ́n gùn, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ti télọ̀ kúrú, ó le, nítorí olórí kunkun ni. Kò sí eré tó dùn tí wọn kì í fi í sílẹ̀ sáré wálé. Bàbá ti kú kí télọ̀ tó gbéyàwó.

Ẹ̀gbọ́n a máa fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Bí Jésù ṣe ń pe àgùntàn rẹ̀ nìyẹn. Ó mọ ti kálukú wa." Télọ̀ á ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà máa ń tù ú nínú.

Àìsàn wá gbé ẹ̀gbọ́n dè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, télọ̀ jókòó tì í. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n lajú.

"Àbúrò, o gbọ́?"

"Kí ni?"

"Bàbá ni. Wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà."

Télọ̀ tẹ́tí. Omi tó ń kán láti orí páànù nìkan ló gbọ́. Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú.

"Ẹ má dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi."

"Bàbá ń pè, kí n má dáhùn?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó sún ẹnu jọ, ó súfèé, èyí tó gùn yẹn. Kó tó rọlẹ̀ tán, èémí rẹ̀ ti bá a lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, télọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ṣa bọ́tìnnì. Ọmọ náà ń súfèé. Fèé náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, á dúró, á tún gòkè. Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti télọ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá àgbà kan ni, Dádì. Wọ́n ní tèmi ni."

"Níbo lo ti rí wọn?"

"Mi ò rí wọn. Mo kàn ń gbọ́ wọn ni."

Ìgbà yìí, télọ̀ gbọ́ fèé náà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ti ń wá. Oòrùn mú, kò sí ẹnì kankan níta. Ó ń gòkè, ó dúró.

Ọmọ dìde. "Ṣé kí n dá wọn lóhùn?"

Télọ̀ fẹ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Jésù tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí ló ń pè, ta ni yóò bẹ̀? Ó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Ariwo gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

"Dádì, mi ò gbọ́ wọn mọ́."

"Jókòó. Máa ṣa bọ́tìnnì ẹ."

Obìnrin kan ń kọjá lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, télọ̀. Iṣẹ́ mà yá lónìí."

Kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́.