Káfíńtà Tó Ń Mi Eyín Ara Rẹ̀ Wò

Mì-ín-wò ni wọ́n ń pe káfíńtà kan níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àga tó kàn tí kò ní mì jìgìjìgì kó tó gbà pé ó dúró. Bó ti ń ṣe àga náà ló ń ṣe ènìyàn. Bí o bá rẹ́rìn-ín sí i, yóò máa ronú ohun tí o ń wá. Bí wọ́n bá wàásù ìgbàlà fún un, á ní, "Ọ̀fẹ́ kẹ̀? Ẹ sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi."

Nígbà tí eyín rẹ̀ kan ká, dókítà eléyín gbin irin sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí eyín tuntun lè dúró lé e. Dókítà ti bi í bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, bóyá ó ń mu sìgá. Ó ní rárá sí méjèèjì. Irọ́ ni. Ó fura pé wọ́n ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án títí egungun á fi dì í mú," ni dókítà wí.

Ta ní ń gbọ́? Láràárọ̀ ni Mì-ín-wò ń fi ẹ̀mú tó fi ń fa ìṣó mi irin náà wò.

Kò pẹ́ tí erìgì rẹ̀ fi wú, tó ń ṣọyún. Ibà dá a wó. Ó wo ìyàwó rẹ̀ lójú, ó ní, "Ayédèrú irin ni wọ́n fi sí mi lẹ́nu. Àbí ìwọ náà mọ̀ sí i?" Obìnrin náà sunkún jáde.

Ní ọsibítù, wọ́n yọ irin náà, wọ́n ní bí ọyún bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí lè bá a lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kun ilé wá jókòó tì í.

"Ṣé o sọ òótọ́ fún dókítà?"

"Rárá."

"Bí ẹnìkan bá ń mi àga tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ ńkọ́?"

"Òun ló ń bà á jẹ́ nìyẹn."

"Bí o ti ń ṣe Ọlọ́run nìyẹn. Jésù kú fún ọ, ìwọ ń wá màgòmágó nínú ikú Rẹ̀."

Àwọn àgbà ní, "Aṣebúburú, ẹ kú ara fífu." Ẹ̀rù ba Mì-ín-wò. Òun tó ń fura sí gbogbo ayé, òun gan-an ni òpùrọ́ ibẹ̀. Ó sunkún, ó ní, "Olúwa, mo ti ṣẹ̀. Gbà mí." Lẹ́yìn náà ló jẹ́wọ́ fún dókítà, tí wọ́n fi rí ìtọ́jú tó yẹ fún un, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àlàfo eyín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ìwọ tí o ń kà á ńkọ́? Bóyá o ti ń fura sí èmi tí mo kọ ọ́ pàápàá. Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi pamọ́ ń jẹ ọ́ lọ nínú, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Má wulẹ̀ dúró di ọ̀la. Níbi tí o wà yìí, sọ òótọ́ fún Jésù, kí o sì fi ara rẹ lé E lọ́wọ́ lónìí.