Òǹtẹ̀ Ilé Filomena

Ọjọ́ tí Filomena fi òǹtẹ̀ ilé rẹ̀ tẹ búrẹ́dì àlejò, ìyàn ti mú ní ilẹ̀ Ítálì débi pé àgbàlagbà ń já ewéko jẹ. Ọdún 1764 ni. Roccalupa, abúlé orí òkè tí Filomena ń gbé, fi òkúta mọ odi yípo. Ẹnubodè kan ṣoṣo ló ní, ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo náà ló ní. Ìjòyè tó ni ilẹ̀ ló ni ààrò, Filomena, opó aláṣọ dúdú tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ló sì ń dáná sí i. Ilé kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ igi tí wọ́n fi ń tẹ búrẹ́dì wọn kó tó wọ iná. Ẹni tí kò bá ní òǹtẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú, kò sì gbọdọ̀ yan nǹkan kan níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìdílé mẹ́ta gun òkè wá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ìyẹ̀fun díẹ̀, wọn kò ríbi yan án. Àwọn àgbà ní kí wọ́n máa lọ. Filomena wo ojú àwọn ọmọ wọn, àánú ṣe é. Ó gba ìyẹ̀fun náà, ó pò ó, ó sì fi òǹtẹ̀ tirẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ìríjú ìjòyè dé, ó bá òǹtẹ̀ kan náà lára búrẹ́dì rẹpẹtẹ.

"Filomena, ta ló ni gbogbo èyí?"

"Olúwa mi, àwọn ọmọ mi ni."

"Ìwọ opó yìí? Láti ìgbà wo lo ti bímọ tó báyìí?"

"Láti àárọ̀ yìí ni, olúwa mi."

Wọ́n gba ààrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà kọlu abúlé lọ́dún kejì, àwọn àlejò yẹn ló ń pọnmi fún aláìsàn, àwọn ló ń sin òkú. Ojú ti àwọn àgbà. Wọ́n bẹ ìjòyè, ó dá ààrò padà fún Filomena, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí ilé kan bá fún ní òǹtẹ̀ ti di ọmọ ilé náà.

"Nice story, Mummy," ni Nusaybah wí, "but ẹ̀yin kọ́ ni Filomena."

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé sílé wọn ní Nunhead, ní London, ni. Àsúmáù, ìyá rẹ̀, ń ta ẹja ní Rye Lane, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlá ló fi gbé Roccalupa kó tó wá sí London. Rosaria, ìran Filomena, ló gbà á sílé, tó fún un ní òǹtẹ̀, tó sì kọ́ ọ níṣẹ́ ààrò. Rosaria ti kú báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń dáná mọ́. Àsúmáù kọ̀wé pé òun fẹ́ wá dá a. Èsì àkọ́kọ́ tí Donato, olórí abúlé, fún un kò ju gbólóhùn méjì lọ: "O dá òǹtẹ̀ padà. Màá pè ọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ tí Àsúmáù ń bọ̀ wá sí London, ó fọ òǹtẹ̀ náà mọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Rosaria, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ní Abẹ́òkúta. Rosaria sunkún; Àsúmáù rò pé ẹkún ìdágbére ni. Kò mọ̀ nígbà náà pé ní Roccalupa, ẹni tó bá dá òǹtẹ̀ padà ti kọ ilé náà sílẹ̀. Ọdún méjìlélógún rèé. Ó dùn ún wọra pé ìwà ọmọlúàbí ló sọ òun di abaramóorejẹ.

"They're gonna say no, innit," ni Nusaybah tún wí. "Ẹ ní job, ẹ ní flat. Kí lẹ tún ń wá?"

"Ibi tí wọ́n ti pè mí lọ́mọ nígbà tí mi ò lẹ́nìkan ni, Nusaybah."

Fóònù dún. Àsúmáù kò dúró kí Donato parí ìkíni. Èdè Ítálì rẹ̀ ti dógùn-ún, síbẹ̀ ó sọ ọ́.

"Bàbá, nílẹ̀ wa, a kì í gbé ohun tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ sá lọ. Ọ̀wọ̀ ni mo fi dá a padà. Mi ò kọ ìyá mi sílẹ̀ rárá. Ẹ forí jì mí." Omi ti gba ojú rẹ̀.

Donato dá a lóhùn.

"Rosaria ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa," ó ní. "Gbogbo Sátidé ló máa ń fi òǹtẹ̀ rẹ tẹ búrẹ́dì kan sọ́tọ̀ ní tìrẹ, tó ń fún ẹni tó bá kọjá. Àwa la fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ni òkúta ààrò ń gbà kó tó gbóná, Àsúmáù. Ìgbà wo ni kí n dáná?"

Àsúmáù jókòó gbì sórí àga. Nusaybah sáré wá dì í mú.

"Mummy, what did he say?"

Ó sọ fún un. Ọmọ náà nu ojú ìyá rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ bi wọ́n bóyá mo lè tẹ̀ lé yín."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yẹn?" ni Donato béèrè.

"Ọmọ mi ni, Bàbá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè gba òun náà."

"Sọ fún un kó mú ẹ̀wù òtútù dání. Orí òkè la wà."